Gíláàsì Pupa Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Onílé

Mo rántí ìgbà tí òórùn sípíríìtì kì í kúrò lára aṣọ mi, bí mo tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlíṣàn ni mò ń gbé nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990, nínú yàrá kan tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá opó kan tí ìjọ wọn ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Nínú ìjọ yẹn, ọtí kì í kan ètè. Kò tíì pé oṣù kan tí mo dé ilé náà tí màmá fi pè mí sí ilé ìdáná, tí wọ́n na àpótí ìjókòó sí mi, tí wọ́n wá rọra bi mí bóyá nítorí pé àwọn òbí mi kò sí lọ́dọ̀ mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mutí. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni mí, Áńgílíkà ni wá nílé, ó sì jọ pé màmá ti gbà nínú ọkàn wọn pé kò sí ohun tí ọmọ Áńgílíkà ò lè dán wò. Èmi tí mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé pátápátá, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, iṣẹ́ ni. Gíláàsì ni mò ń ṣe." Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé ìbá tẹ́ wọn lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní mo jẹ́wọ́ ọtí.

Òótọ́ sì ni mo sọ. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú kẹ́mísìrì, mo sì ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kékeré kan nílùú náà. Ọ̀gá mi ti gbé omi inú ìgò kan bọ̀ láti òkè òkun. Bí a bá da omi yìí pọ̀ mọ́ sípíríìtì àti omi lásán, tí a kán ásíìdì díẹ̀ sí i, yóò mọ́ lóló bí omi òjò fún wákàtí bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò dì bí ẹ̀kọ. Bó bá wá gbẹ, ó di gíláàsì, láìsí iná, láìsí ààrò. Ohun tí iyanrìn fi jẹ́ iyanrìn náà ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, bí inú kànìnkànìn. Inú àwọn ihò yẹn ni ọ̀gá mi fẹ́ kí a ti aró mọ́, kí gíláàsì náà lè máa pa àwọ̀ dà bí omi tí kò dára bá kàn án. Wọ́n ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò ju irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sínú kànga, tí yóò sì mọ̀ bóyá omi kànga náà ṣeé mu. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, orí mi wú. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó ṣì ń wú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé aró náà kì í dúró. Aró pupa ni, ó pupa bí zóbò. Bí a bá pò ó mọ́ ọn, tí ó gbẹ, tí a ju gíláàsì náà sínú omi nírọ̀lẹ́, omi á ti pupa kí ilẹ̀ tó mọ́, gíláàsì á sì ti funfun báláú. Mólékù aró náà, ìyẹn hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kéré jù, ihò tó gbà á wọlé náà ló ń gbà á jáde. Ọ̀gá mi wá ní kí a so àwọn aró náà pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn kan, kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn di mólékù ńlá kan ṣoṣo, kí a sì jẹ́ kí gíláàsì dì yí i ká. Ẹja tí a bá hun ìgèrè yí ká, ibo ni yóò gbà jáde?

Oṣù méje ni mo fi wá ẹ̀wọ̀n yẹn. Láàárọ̀ ni n ó ti gbé ìgò kaná, n ó máa pọn omi kànga láti fi mú ọrùn ìgò náà tutù, kí ohun tó ń hó nínú rẹ̀ má baà gbẹ lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti ṣòfò nìyẹn. Ìgbà mìíràn, ohun tí n ó rí nídìí ìgò kò yàtọ̀ sí ọ̀dà tó jóná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí n kò tiẹ̀ retí nǹkan kan, mo ń kán ohun tí mo sè sínú omi mìíràn díẹ̀díẹ̀, bí a ti máa ń ṣe láti fi wò ó. Níbi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá balẹ̀ sí ni fọ́nrán pupa kan ti ń nà jáde, tó ń ká ara rẹ̀ jọ, bí òwú tí ẹnì kan tí n kò rí ń ran. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi yìí ló so nǹkan tí kò sí láyé rí pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ìwà ọmọdé ni. Aró ti dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì kò dúró. Gbogbo èyí tí mo bá ṣe ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó bá ti ń gbẹ. Inú àwọn ike kékeré tí àwọn ayàwòrán fi ń kó fíìmù sí ni mo máa ń dà á sí, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń yàwòrán ní Ìjokú, Ṣàgámù, ló ń kó wọn jọ fún mi. N ó bo ojú ike náà pẹ̀lú fọ́ìlì, n ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i lára kí sípíríìtì lè máa gbabẹ̀ jáde. Bí ọ̀sẹ̀ bá sì ti ń parí lọ, n ó gbọ́ "tín", lẹ́yìn náà "tín" mìíràn. Mo kórìíra ìró yẹn débi pé bí ṣíbí bá kan abọ́ nílé, àyà mi á já.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ wa ti ń rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjọ kan náà ni ọ̀gá mi àti màmá onílé mi ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá mi yóò rìn yí yàrá ìwádìí ká, wọn yóò dúró níwájú tábìlì mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọn yóò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ó ti parí?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì wà. Wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ kankan kù láàbọ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Wọ́n ní ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ wọnú ọjọ́ ìsinmi, ara rẹ̀ nìkan ló jókòó, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo bá dà pọ̀ lọ́jọ́ Ajé gbọ́dọ̀ di gíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá dì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n ó lu ihò sí fọ́ìlì lọ́jọ́rú, n ó ṣí i lọ́jọ́bọ̀, n ó gbé e sínú ẹ̀rọ ìgbóná láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, yóò sì fọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. A yí ìwọ̀n omi padà, a yí ásíìdì padà, a yí sípíríìtì padà. Kò sẹ́ni tó ronú àtiyí iye ọjọ́ padà, nítorí ọjọ́ kò sí lára ohun tó ṣeé yí nínú yàrá yẹn.

Ní ọdún kejì, ọ̀gá mi kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn nípa mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fèsì pé àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún wọn láti kọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, àwọn yóò wá lọ́jọ́ Ajé kan báyìí láti wá fi ojú ara àwọn rí iṣẹ́ mi. Bí mo bá ní gíláàsì kan tó wà lódindi, tí aró kò jáde lára rẹ̀, mo ti wọlé. Bí n kò bá ní, ẹlòmíì wà níwájú ilẹ̀kùn. Aró tó kù lọ́wọ́ mi nígbà náà kò ju orí ṣíbí lọ, omi inú ìgò òkè òkun sì ti dé ìsàlẹ̀. Ike mẹ́ta péré ni ó tó. Mo dà wọ́n lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú, wọ́n dì dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ lọ́jọ́bọ̀ tí wọn kò mú un padà. Ẹ̀rọ ìgbóná di àpótí lásán. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì fi máa pọ́n, ohun tó wà nínú ike mi ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ àná.

Kọ́kọ́rọ́ dún. Ọ̀gá mi dúró níwájú mi, wọ́n ní, "Ṣé ó ti parí?"

Àpò mi wà léjìká, ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú rẹ̀. Mo wo ojú ọkùnrin tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo ní, "Ó ti parí, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n sinmi dáadáa, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ète mi ni pé ní òwúrọ̀ Sátidé, bí màmá bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó sá àwọn ike náà sóòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo tò wọ́n sórí ìdérí kànga, mo ṣí fọ́ìlì ojú ọ̀kan pátápátá, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo gbọ́ ọ. "Tín." Ilà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, òmíràn dá a kọjá ní ìbú, ó sì là sí mẹ́rin lójú mi. Níbi tí mo ti ń wò ó ni mo ti gbọ́ ohùn màmá lẹ́yìn mi. Wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì ṣì wà lábẹ́ apá wọn. Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ sí mi, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni mo fi kọ ọ́ síbí.

"Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kí lò ń ṣọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní iṣẹ́ mi ni, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó, bí n kò bá sá a, ayé mi ti bàjẹ́. Màmá tẹjú mọ́ àwọn ike náà.

"Bí o bá fi í sílẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ṣé ó máa bínú ni?"

"Màmá, kì í ṣe èèyàn."

"Ó dáa náà. Ohun tí kì í ṣe èèyàn kò lè bínú." Wọ́n sì kó ike méjì tó kù, wọ́n ń lọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nínú ilé ìdáná màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi mímu. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ Ẹtì sí, nítorí wọn kì í dáná lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò rírin ṣe á wà níbẹ̀ nínú ewé rẹ̀, ọbẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, ibẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn. Wọ́n gbé àwọn ike mi sáàárín ẹ̀bìrìpò, wọ́n da àwo bò wọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Wọ́n ní bí oòrùn bá wọ̀, kí n wá gba ẹrù mi. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Inú ń bí mi sí màmá, ó ń bí mi sí ìjọ wọn, ó tiẹ̀ ń bí mi sí ẹ̀bìrìpò.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, màmá gbàdúrà ìparí ìsinmi, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì yọjú wo inú ike láti ojú ihò abẹ́rẹ́. Ohun pupa náà ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ó ti sún kúrò lára ògiri ike ní gbogbo àyíká, tinrín báyìí, ó ń fún ara rẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń dán. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo dá a padà sábẹ́ àwo. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni, ẹ̀rù ló bà mí láti fọwọ́ kàn án.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Ajé nínú ọkọ̀ Pijó wọn. Wọ́n wo àwo tí mo kó àwọn àfọ́kù sí, wọ́n yin àwọ̀ rẹ̀, wọ́n wá béèrè èyí tó wà lódindi. Ọ̀gá mi dáhùn fún mi, wọ́n ní gbogbo ohun tí a ṣe ló wà níwájú wọn yẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tiẹ̀ lọ ju ọjọ́ mẹ́ta. Mo lè dákẹ́ o. Bí mo bá dákẹ́, n ó pàdánù àyè, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò ní mọ̀ pé mo purọ́. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku méjì. Wọn ò tíì parí. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ bi mí, mo purọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onílé mi ni wọ́n wà."

Ọ̀gá mi mú kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n ṣíwájú wa jáde. Ojú wọn ṣú lọ́nà tí n kò rí rí, títí a fi dé ilé nínú Pijó náà, wọn kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo jókòó sí. Màmá ń rin kókò lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n kí àwọn àlejò, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ojú kan wo inú ike kìíní, wọ́n wo ìkejì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n nàró, wọ́n bi ọ̀gá mi pé ọjọ́ mélòó ni a máa ń fún un kó fi gbẹ. Ọ̀gá mi ní láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

"Ohun tó ń fẹ́ oṣù kan," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ fi í síbi tó wà. Bó bá gbẹ tán, kí ọmọ yìí kọ̀wé sí mi." Wọn kò ṣèlérí kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí Pijó ti lọ, ọ̀gá mi ṣì dúró nínú ilé ìdáná, wọ́n ń wo kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ń dúró de èébú. Ohùn wọn rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Irọ́ tí o pa, mo dárí rẹ̀ jì ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní kí a sinmi ni. Èmi ni mo ní ó gbọ́dọ̀ ti parí ná." Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ìbéèrè wọn ọjọ́ Ẹtì yí padà. Bí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ dé iwájú tábìlì mi, ohun tí wọ́n ń bi mí nípa ike tó wà níwájú mi ni, "Ṣé o ti dé e?"

A dúró. Mo ṣàlàyé fún màmá pé ohun tí iyanrìn jẹ́ náà ni gíláàsì wa jẹ́. Màmá kò jẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nígbàkúùgbà tó bá wù mí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wá ọ̀nà láti fagbára mú un. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń gbé àwo náà sókè, wọn yóò wo inú ike, wọn yóò ní, "Kò bínú," wọn yóò sì dé e padà. Ní Sátidé karùn-ún, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, pupa rẹ̀ ṣì wà lójú sánmà, wọ́n pè mí. Màmá da ike náà dé sí àtẹ́lẹwọ́ mi, nǹkan kan sì já bọ́ síbẹ̀ tó fúyẹ́, tó le, tó tutù. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ mọ́. Ó mọ́ débi pé mo ń rí ìlà ọwọ́ mi láti inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jìn bí ẹni pé iná kékeré kan jókòó sí àárín rẹ̀. Kò sí ilà kankan lára rẹ̀. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Màmá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, wọ́n ní, "Iyanrìn ni o pè é?"

Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pẹ̀lú lẹ́tà, oṣù méjì kò pé tí wọ́n fi pè mí. Èkejì la fi ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀gá mi ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rinrin mọ́ ọn lára, kó má baà fọ́ bí omi bá kàn án lójijì, lẹ́yìn náà ni mo rọra gbé e sínú ife omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kan náà. Mo sọ fún màmá pé bí aró bá ń jáde, omi yóò pupa, kí a máa pààrọ̀ omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì máa wò ó. Nígbà tí mo kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn, inú mi dùn débi pé mo fi ife náà sílẹ̀ fún màmá bí ẹ̀bùn. Mo kí wọn, mo dúpẹ́, mo gba àdúrà lẹ́nu wọn, mo lọ. N kò rántí sọ fún wọn pé àyẹ̀wò ti parí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Èmi náà ti di ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Nígbà tí màmá kú, mo lọ sí ìsìnkú wọn ní Ìlíṣàn, nígbà tí èrò sì dín kù, ọmọbìnrin wọn pè mí sí ilé ìdáná. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ife kan fún mi tó ní omi nínú. Ó ní láti ìgbà tí mo ti lọ, kò sí ọjọ́ Ẹtì kan tí màmá kò pààrọ̀ omi náà kí oòrùn tó wọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹ̀bìrìpò wọlé tán. Nígbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òun ló ń bá wọn dà á. Màmá a máa gbé e sí ojú fèrèsé, wọn a wò ó, wọn a ní iṣẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ó ní kí àwọn máa bá òun ṣọ́ ọ.

Mo ti rin ìrìn àjò, mo ti wọ àwọn yàrá ìwádìí tí ẹ̀rọ inú wọn ga ju ilé màmá lọ. N kò tíì gbọ́ níbikíbi pé ẹnì kan ṣọ́ gíláàsì kan tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ìsìnkú mi, mo gbé ife náà sójú ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì náà wà nídìí rẹ̀, ó pupa bí ọjọ́ tó já bọ́ sí mi lọ́wọ́, omi tó yí i ká sì mọ́ lóló. Ọmọ màmá bi mí kí ni ó yẹ kí òun máa wò nínú rẹ̀ gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá ń sọ nípa ohun tí wọ́n rí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì wọ̀nyẹn. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni.

Ó ní, "Kò bínú."